Kò Sẹ́ni Tó Kú Láàárọ̀ Yìí

Òórùn òrí tí wọ́n ń sè ló máa ń kọ́kọ́ padà sí mi nímú bí mo bá rántí ọdún kòrónà. Kì í ṣe òórùn oògùn tí wọ́n ń fi pa ọwọ́, kì í sì í ṣe ti ọsibítù. Nígbà tí èso ẹmi bá ti ń jábọ́ nínú igbó, ìyá mi àti àwọn obìnrin agboolé wa máa ń ṣe òrí nínú àgbàlá. Èéfín rẹ̀ á gba gbogbo ilé, á wọ inú aṣọ tí mo bá ń rán, débi pé àwọn oníbàárà mi a máa fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé aṣọ àwọn ti di ọbẹ̀ lọ́wọ́ mi. Télọ̀ ni mí. Mo ti kó padà sílé bàbá mi nígbà náà. Ọ̀rọ̀ ọkọ àti aya ni, kò kàn wá lónìí. Ìlú wa kò tóbi. Ó wà lójú ọ̀nà tó ti Àgọ́-Àmọ̀dù lọ sí Ṣẹ̀pẹ̀tẹ̀rí, àgbẹ̀ oníṣu àti alágbàdo ló pọ̀ jù níbẹ̀, mùsùlùmí sì ni èyí tó pọ̀ jù lọ nínú wa ní àdúgbò tiwa. Ògiri ilé wa àti ti mọ́ṣáláṣí fara kanra, nítorí bàbá mi ni ládàánì. Òun ló ń pe ìrun.

Bàbá mi kò ga, kò sì sanra, ṣùgbọ́n Ọlọ́run fún un lóhùn. Kí ẹ̀rọ gbohùngbohùn tó dé, wọ́n ní bó bá pe ìrun àsùbáà, àwọn tó sùn sóko a máa gbọ́ ọ. Nígbà tí ọmọ ìlú wa kan tó ń ṣòwò l'Ékòó wá ra ẹ̀rọ fún mọ́ṣáláṣí, tí wọ́n so ẹnu rẹ̀ mọ́ orí òrùlé, kò tún sí ibi tí ohùn náà kò dé mọ́. Bí o bá ti gbé irú ìlú bẹ́ẹ̀ rí, wàá mọ̀ pé ẹ̀rọ mọ́ṣáláṣí ní àsìkò tirẹ̀. Ó ń pe ìrun nígbà ìrun. Bó bá dún nígbà tí kì í ṣe àsìkò ìrun, ẹnì kan ti kú nìyẹn. A kì í fi ṣe ohun mìíràn. Bí ewúrẹ́ ẹni bá sọnù, ẹsẹ̀ ara rẹ̀ ni yóò fi gba ojúlé dé ojúlé. Ti òkú nìkan ló yàtọ̀. Bàbá mi á fi ìka kan ẹnu ẹ̀rọ náà, kó, kó, kó, á fẹ́ atẹ́gùn sí i, á wá sọ pé, "Ìnnà lilláhi wa ìnnà iláéhi ráájíúùn."

Kò ní tíì dárúkọ òkú tí àwọn obìnrin á ti máa wé gèlè, tí àwọn ọkùnrin tó wà lóko etílé á ti ju ọkọ́ sílẹ̀. Òkú kì í pẹ́ nílẹ̀ lọ́dọ̀ wa. Bó bá kú láàárọ̀, kí wọ́n tó kírun àílà wọ́n á ti sin ín. Ẹni tó bá jókòó ti ẹ̀rọ láti gbọ́ ọ̀rọ̀ délẹ̀ ò ní bá wọn níbẹ̀, ẹni tí kò bá sì bá wọn níbẹ̀, àlàyé rẹ̀ kò ní tán títí òun náà yóò fi kú. Nítorí náà, gbólóhùn àkọ́kọ́ la máa ń gbọ́, ẹsẹ̀ á ti ṣí, ojú ọ̀nà la ti ń béèrè orúkọ. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe tọ́ wa.

Ní ọdún tí mò ń sọ yìí, rédíò ń pariwo kòrónà láti àárọ̀ dalẹ́. Wọ́n ní ká máa fọwọ́, ká máa bo imú, ká jìnnà síra wa. Mo rán ìbòmú títí ọwọ́ fi ń ro mí. Àwọn ènìyàn ń rà á lóòótọ́, àpò ni wọ́n ń fi í sí. Ọkùnrin àgbẹ̀ kan wà tí ilé rẹ̀ kẹ́yìn sí tiwa, ẹnu rẹ̀ mú bí abẹ. Òun ló máa ń wí pé, "Àrùn àwọn tó ń wọ bàálù ni. Ta ló wọ bàálù dé Ṣẹ̀pẹ̀tẹ̀rí rí?" A óò rẹ́rìn-ín, èmi náà rẹ́rìn-ín. Nígbà tó yá, wọ́n ní ká má péjọ ní mọ́ṣáláṣí mọ́. Bàbá mi nìkan ló ń wọlé síbẹ̀, á pe ìrun, á fi kún un pé kí kálukú kí i nílé rẹ̀. Bó bá ń jáde bọ̀, ojú rẹ̀ a dà bíi ti ẹni tó se oúnjẹ sílẹ̀ tí wọn ò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni jẹ ẹ́.

Láàárín ìgbà yẹn ni Lèmọ́mù wa dùbúlẹ̀. Ibà ni wọ́n pè é. Àgbàlagbà ni, gbogbo wa ló sọ lórúkọ, gbogbo wa ló so yìgì fún, kò sì sí ẹni tí kò fẹ́ lọ kí i. Nọ́ọ̀sì kan wà tí ìjọba ìbílẹ̀ rán wá, ọmọ Ìṣẹ́yìn ni, kò dàgbà púpọ̀. Orí ọ̀kadà ló máa ń wà tòun ti ẹ̀rọ kékeré tó ń gbé kọ́ èjìká, tó fi ń kígbe ohun tí rédíò ń wí. Ó ti rí Lèmọ́mù, ẹ̀rù sì bà á. Kò ní ohun tó lè fi mọ̀ dájú bóyá kòrónà ni. Ẹni tó máa wá gba itọ́ ẹnu rẹ̀ lọ yẹ̀ wò, wọ́n ní ó ń bọ̀, ó ń bọ̀, kò dé. Ohun tó mọ̀ ni pé bí àdúgbò bá dà lọ bá ọkùnrin náà nínú pálọ̀ rẹ̀, nǹkan máa bàjẹ́.

Bátìrì ẹ̀rọ nọ́ọ̀sì ti kú ní òwúrọ̀ ọjọ́ tó wá bá bàbá mi. Ohùn òun alára ti há. Ó kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ agbada òrí ìyá mi.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi fi ẹ̀rọ mọ́ṣáláṣí kìlọ̀ fún wọn. Ẹ sọ fún wọn pé àrùn yìí ń pa ènìyàn. Kí wọ́n má pé jọ, kí wọ́n má sì lọ kí àgbàlagbà tó ń ṣàìsàn."

Bàbá mi bi í pé, "Ṣé kí n dárúkọ Lèmọ́mù?"

"Áà, rárá o, Bàbá. A kì í pe orúkọ aláìsàn síta. Ẹ kàn sọ ọ́ bẹ́ẹ̀."

Bàbá mi ní ó dáa. Ìyá mi wà níbẹ̀, èmi náà wà níbẹ̀, kò sí ẹni tí ọkàn rẹ̀ lọ síbi tí ọ̀rọ̀ náà máa já sí nínú wa. Ẹ̀rọ ni ẹ̀rọ, ọ̀rọ̀ ni ọ̀rọ̀, lójú wa. Ìyálẹ̀ta ni. Mo gbọ́ kó, kó, kó. Mo gbọ́ atẹ́gùn tó fẹ́. Àwọn tó ti kú káàkiri ayé ni bàbá mi fẹ́ fi bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ rẹ̀, ládàánì tó bẹ̀rù Ọlọ́run kò sì ní dárúkọ òkú láì kọ́kọ́ ké gbólóhùn yẹn. Ó ké e. Ó ké e dáadáa, pẹ̀lú gbogbo ohùn tí Ọlọ́run fún un.

Ariwo tó tẹ̀lé e kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbọ́ ìyókù. Ìyá mi tó jókòó síbẹ̀ nígbà tí wọ́n ń ṣètò ọ̀rọ̀ náà, ọmọrogùn bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ kó tó rántí. Mo jáde síta, mo rí àwọn ènìyàn tó ń sáré kọjá, tàwọn ti aṣọ oko lára, obìnrin kan ń fi ọwọ́ kan so ìró. Ẹnikẹ́ni kò béèrè orúkọ òkú lójú ọ̀nà lọ́jọ́ yẹn. Ẹnì kan ṣoṣo ni gbogbo wa mọ̀ pé ó ń ṣàìsàn. Mò ń pariwo pé, "Kì í ṣe òkú o, ẹ dúró!" Wọ́n ń wò mí bí ẹni tí ìbànújẹ́ ti yí lórí.

Nígbà tí mo fi dé iwájú ilé Lèmọ́mù, kò sí ibi tí ènìyàn lè fi ẹsẹ̀ tẹ̀. Àwọn obìnrin ti di mọ́ra wọn, wọ́n ń sunkún. Ilẹ̀kùn wá ṣí. Lèmọ́mù fúnra rẹ̀ ló yọ, ó fi ọwọ́ kan di ògiri mú, ó ti gbé fìlà ìsìnkú rẹ̀ dé. Òun náà gbọ́ ẹ̀rọ. Òun náà rò pé ẹnì kan ló kú, ó sì ń jáde bọ̀ láti wá kírun sí i lára.

"Ta ló kú o?" ló béèrè.

Mi ò lè ṣàlàyé ayọ̀ tó bẹ́ sílẹ̀ fún ọ. Wọ́n kígbe, wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n dà lé e. Ọkùnrin àgbẹ̀ ẹ̀yìnkùlé wa ló kọ́kọ́ gbá a mọ́ra, ó ní ẹni tí wọ́n bá ti sunkún rẹ̀ láìkú, á pẹ́ láyé ju àwọn tó sunkún ọ̀hún lọ. Ìyàwó àgbẹ̀ náà tẹ̀lé e, ó gba ọwọ́ Lèmọ́mù, ó fi nu ojú. Gbogbo wọn ni wọ́n fẹ́ bọ̀ ọ́ lọ́wọ́ kí wọ́n lè gbà pé ara ààyè ni. Lèmọ́mù ń rẹ́rìn-ín, ó ń wúkọ́, ó ń ṣàdúrà fún wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Nọ́ọ̀sì dé, ó ń fi ohùn tó há náà bẹ̀ wọ́n. Ẹnikẹ́ni kò wẹ̀yìn. Nígbà tó sú u, ó fara ti ògiri lódìkejì ọ̀nà, ó ń sunkún nínú ìbòmú rẹ̀. Bàbá mi dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó ti lóye ohun tó ṣẹlẹ̀ kí èmi tó lóye rẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ yẹn kò tíì parí tí ikọ́ fi gba àdúgbò. Ẹnikẹ́ni kò wá yẹ̀ wá wò, nítorí náà mi ò ní fi ẹnu ara mi sọ fún ọ pé báyìí ni àrùn náà ṣe tàn. Ohun tí mo mọ̀ ni pé àwọn tí mo rí níwájú ilé yẹn, mo tún gbọ́ ikọ́ wọn láti inú yàrá. Àwọn àgbàlagbà bẹ̀rẹ̀ sí í lọ. Ìyá arúgbó tó kọ́ mi ní bí wọ́n ṣe ń fi òwú sínú abẹ́rẹ́ wà nínú wọn. Èémí Lèmọ́mù kúrú sí i lójoojúmọ́. Nọ́ọ̀sì rí bátìrì, ó ń gbé ọ̀kadà kiri, ó ń sọ pé, "Bí ẹ bá tún gbọ́ ẹ̀rọ mọ́ṣáláṣí, ọ̀rọ̀ àrùn la fi ń sọ. Ẹ má sáré, ẹ jókòó sílé yín." Wọ́n gbọ́ èyí. Èyí gan-an ni wọ́n gbọ́.

Ọ̀rọ̀ mìíràn ti ń jà ràn-ìn pẹ̀lú. Ẹni tó ń sọ ọ́ jù ni ọkùnrin ẹ̀yìnkùlé wa, ó sì mọ̀ pé ògiri kò nípọn láàárín wa. "Ẹyin lohùn," ló wí. "Bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Ládàánì ló fẹnu pe ikú sí Lèmọ́mù lára." Inú bí mi débi pé mo fẹ́ gun àga lọ bá a lórí ògiri. Bàbá mi dì mí mú. Kò bínú. Ìyẹn ló dùn mí jù, pé kò bínú. Ó jókòó sábẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀, tẹ̀súbáà wà lọ́wọ́ rẹ̀, kò sì fà á.

Ọmọ Lèmọ́mù ló wá pè é ní òwúrọ̀ ọjọ́ tí Lèmọ́mù kú.

"Ẹ wá ẹlòmíràn," ni bàbá mi wí.

"Bàbá, ẹ̀yin ni ládàánì. Ta lẹ fẹ́ kí n tún pè?"

Ó dìde. Kó, kó, kó. Ó fẹ́ atẹ́gùn sí i. Ó ké gbólóhùn náà, ó dárúkọ Lèmọ́mù, ó tún un pè. Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà, mò ń wo òpópónà. Kò sí ẹni tó sáré. Àwọn ènìyàn yọjú lẹ́nu ilẹ̀kùn, wọ́n wo ara wọn, ọkùnrin ẹ̀yìnkùlé wa sì ń fi pákò rẹ̀ rin eyín lọ. "Wọ́n tún ti dé," ló wí. "Wọ́n tún pe Lèmọ́mù ní òkú. Wọ́n ní ká jókòó sílé, ẹ jẹ́ ká jókòó." Wọ́n padà wọlé.

Àwọn ọmọ Lèmọ́mù, àwọn tó wẹ̀ ẹ́, àwọn tó gbẹ́ sàréè àti bàbá mi nìkan ló sin ọkùnrin tó ti sin gbogbo ìlú. Nọ́ọ̀sì pín ọ̀rá ìbọwọ́ fún wọn. Àlàfo wà láàárín wọn bí wọ́n ṣe tò láti kírun sí i lára, kì í sì ṣe àlàfo tí ìjọba ní kí wọ́n fi sílẹ̀. Wọn ò pọ̀ tó ni. Nígbà tí wọ́n ń darí bọ̀, ọ̀gá nọ́ọ̀sì pè é lórí fóònù. Mo wà nítòsí, mo gbọ́. Ó ní ìlú wa ń ṣe dáadáa, pé àwọn ìlú mìíràn ṣì ń rọ́ lọ síbi ìsìnkú. Nọ́ọ̀sì pa fóònù náà, ó sì ń wo ilẹ̀ títí.

Amọ̀ pupa tó wà lẹ́sẹ̀ àwọn tó gbẹ́lẹ̀ ló sọ òótọ́ fún àdúgbò. Wọ́n béèrè pé ta ni wọ́n gbẹ́lẹ̀ fún. Nígbà tí wọ́n gbọ́, ẹkún sọ láti ojúlé kan dé èkejì, ẹnikẹ́ni kò sì lè jáde lọ di ẹnì kejì rẹ̀ mú. Àwọn tó wí pé bàbá mi pe ikú nígbà tí kò sí ikú wá ń wí pé ó jẹ́ kí wọ́n sin Lèmọ́mù bí àlejò tó kú sójú ọ̀nà, pé ó yẹ kó wá kan ilẹ̀kùn. Sọ fún mi, ọ̀rẹ́ mi, kí ni ọkùnrin náà ì bá ṣe? Ó bọ́ kọ́kọ́rọ́ mọ́ṣáláṣí lọ́rùn, ó gbé e lé màṣíìnì mi.

"Bá mi gbé e fún àwọn àgbà mọ́ṣáláṣí. Kí wọ́n wá ẹni tí wọ́n máa gbà gbọ́."

Mi ò gbé e lọ. Mo so ó mọ́ ọwọ́ màṣíìnì. Láti ọjọ́ yẹn, a kò gbọ́ ìpè ìrun ní àdúgbò wa mọ́. O ò mọ bí òwúrọ̀ ṣe ń rí níbi tí ohùn kan ti máa ń jí ọ láti kékeré tí ohùn náà wá dákẹ́. Àwọn ènìyàn ń sùn kọjá àkókò. Àwọn ewúrẹ́ pàápàá ń ké lákòókò tí kì í ṣe tiwọn. Bàbá mi ń kírun nínú yàrá rẹ̀, jẹ́jẹ́, bí ẹni tó ń jí ọ̀rọ̀ sọ. Kò jẹun dáadáa. Ìyá mi sọ fún mi pé ẹ̀rù ń ba òun, pé ikọ́ kọ́ ni yóò pa ọkọ òun.

Mò ń gbọ́ ohun mìíràn láti ẹ̀yìn ògiri. Ìyàwó ọkùnrin ẹlẹ́nu mímú náà ń mí bí ẹni tó ń gun òkè. Ọkọ rẹ̀ ti tì í mọ́ yàrá. Kò jẹ́ kí nọ́ọ̀sì wọlé, ó ní ìyàwó òun lọ sí Àgọ́-Àrẹ. Nọ́ọ̀sì sọ fún wa pé bí irú rẹ̀ ṣe pọ̀ nìyẹn, wọ́n ń tọ́jú aláìsàn pamọ́, nítorí wọ́n gbọ́ pé ẹni tí wọ́n bá gbé lọ, wọn kì í gbé òkú rẹ̀ padà. Bẹ́ẹ̀, atẹ́gùn inú agolo, èyí tí wọ́n fi ń ran aláìsàn lọ́wọ́ láti mí, wà ní ọsibítù tó wà ní Ṣakí nígbà náà. Bí ènìyàn bá tètè débẹ̀, ó ṣeé ṣe kó yè. Nọ́ọ̀sì tún kúnlẹ̀ níbi tó kúnlẹ̀ sí tẹ́lẹ̀, ó ní kí bàbá mi bá òun sọ fún wọn.

"Ọmọ mi," ni bàbá mi wí, "ohùn yìí ti bàjẹ́."

Ìyàwó Lèmọ́mù ló yí i lọ́kàn padà. Òun náà ti ṣàìsàn, ó ti yè é, ó ń ṣe opó, kò lè jáde. Ó ránṣẹ́ pe bàbá mi, èmi ni mo sìn ín lọ. Ojú fèrèsé ló ti bá wa sọ̀rọ̀.

"Ládàánì, ẹ̀yin kọ́ lẹ pa á. Ó gbọ́ pé ẹnì kan kú, ó jáde lọ síbi òkú. Bí wọ́n bá jí i báyìí, tó sì tún gbọ́ ọ, á tún jáde ni." Ó di fèrèsé mú kí èémí rẹ̀ lè balẹ̀. "Àmọ́ àwọn ènìyàn ò mọ ìgbà tí ẹ ń pe òkú àti ìgbà tí ẹ ń pe ààyè mọ́. Ẹ là á yé wọn. Bí ẹ bá dákẹ́ báyìí, inú yàrá ni wọ́n máa kú sí."

Bí a ṣe délé, bàbá mi tú kọ́kọ́rọ́ lára màṣíìnì mi fúnra rẹ̀. Mo tẹ̀lé e, mo dúró sẹ́nu ọ̀nà mọ́ṣáláṣí. Kó, kó, kó. Ó fẹ́ atẹ́gùn sí i. Ó wá dákẹ́. Mo rí i pé gbólóhùn àtijọ́ ti dé ẹnu rẹ̀, ó sì gbé e mì. Níta, gbogbo àdúgbò dákẹ́ pẹ̀lú rẹ̀, o lè gbọ́ bí òrí ìyá mi ṣe ń hó.

"Kò sẹ́ni tó kú," ló wí. "Ẹ dúró. Ẹ má sáré. Kò sẹ́ni tó kú."

Ohùn rẹ̀ já níbẹ̀, nítorí ó mọ̀ pé kò rí bẹ́ẹ̀. A ti sin Lèmọ́mù, a ti sin ìyá tó kọ́ mi lábẹ́rẹ́, a ti sin àwọn mìíràn. Bàbá mi kì í purọ́, kò sì fẹ́ bẹ̀rẹ̀ nínú mọ́ṣáláṣí. Mo rí i tó fi ọwọ́ nu ojú.

"Láàárọ̀ yìí," ló wí. "Kò sẹ́ni tó kú láàárọ̀ yìí. Ẹ jẹ́ kó rí bẹ́ẹ̀ dalẹ́."

Ó wá bá wọn sọ̀rọ̀ bí ẹni tó jókòó ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ wọn. Ó ní kí ẹni tí èémí aláìsàn rẹ̀ bá ti kúrú gbé e jáde. Ó ní òun ti bi nọ́ọ̀sì léèrè, nọ́ọ̀sì sì ti búra fún òun pé bó yè, bó kú, wọ́n á dá a padà fún wa. Ó ní bó bá jẹ́ pé òkú ló dé, òun yóò pè é, òun yóò sì pè é débi pé ẹnikẹ́ni kò ní ṣiyèméjì. Kò pe kòrónà lórúkọ rárá.

Ọkọ̀ tó ń kó iṣu lọ sí Ṣakí ni wọ́n fi gbé wọn. Ọkùnrin ẹ̀yìnkùlé wa ló gbé ìyàwó rẹ̀ jáde níkẹyìn, ó gbé e sẹ́yìn bí ìgbà tí wọ́n pọn ọmọ, kò wo ojú ẹnikẹ́ni. Obìnrin náà padà wá, ó rù, ó ní oúnjẹ kò ní adùn lẹ́nu òun mọ́. Àwọn kan kò padà láàyè. Wọ́n dá òkú wọn padà bí wọ́n ṣe búra, bàbá mi pè wọ́n, àwọn ènìyàn sì jáde, wọ́n dúró káàkiri abẹ́ igi, wọ́n jìnnà síra wọn, wọ́n ń wo sàréè láti òkèèrè. Ọkùnrin yẹn kò tọrọ àforíjì. Ó gbé iṣu wá sẹ́nu ọ̀nà wa nígbà iṣu tuntun, ó bú èéfín òrí ìyá mi bó ṣe ń lọ.

Láti ìgbà náà ni gbólóhùn yẹn ti wọ ìlú wa lára. Nígbà tí abẹ́rẹ́ àjẹsára dé, nígbà tí wọ́n ní ká má mu omi odò, nígbà tí wọ́n bá fẹ́ kó àwọn ọmọ jọ fún ìtọ́jú ojú, bàbá mi á kan ẹ̀rọ, á fẹ́ ẹ, á wá wí pé, "Kò sẹ́ni tó kú láàárọ̀ yìí." Àwọn àlejò a máa rẹ́rìn-ín, wọ́n á ní irú ìkéde wo nìyí. Àwa kì í rẹ́rìn-ín. Àwa mọ̀ pé ẹni tí àyà rẹ̀ ń já kò gbọ́ràn. Wọ́n ń kọ ìwé gbọọrọ lórí bí a ṣe ń kìlọ̀ àrùn fún ará ìlú, mo sì gbà pé wọ́n gbọ́n. Ohun tí bàbá mi mọ̀ kò ju pé kí o kọ́kọ́ jẹ́ kí ènìyàn jókòó kí o tó sọ ohun tó lè pa á. Ó sì san owó ẹ̀kọ́ náà.

Lọ́dún tó kọjá ni bàbá mi kú. Ogbó ni, kì í ṣe àrùn kankan. Òwúrọ̀ ni, ó ti pe ìrun àsùbáà tán, ó ní kí n bá òun gbé omi wá. Nígbà tí mo fi padà, ó ti lọ. Èmi ni mo pa ojú rẹ̀ dé. Ọkùnrin tó ń kọ́ ìpè ìrun lọ́dọ̀ rẹ̀ ló lọ síbi ẹ̀rọ. Mo jáde sí àgbàlá, mo dúró ti ìyá mi. Kó, kó, kó. Ó fẹ́ atẹ́gùn sí i. Mo rí ọkùnrin ẹ̀yìnkùlé wa lórí ògiri, pákò wà lẹ́nu rẹ̀, ó dúró. Àwọn obìnrin tó ń ṣa ẹmi dúró. Gbogbo àdúgbò dúró, wọ́n jókòó jẹ́jẹ́ bó ṣe kọ́ wọn, wọ́n ń retí gbólóhùn bàbá mi. Èmi tí ọwọ́ mi ṣì ń gbóná láti ojú rẹ̀, èmi náà ń retí rẹ̀.

Kò dé. Ẹni tó máa ń sọ ọ́ fún wa ló kú.